Bí Agbẹjọ́rò Ṣe Lè Jèrè Àpéjọ Àwọn Amòfin Àgbáyé

Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ilẹ̀ wa ló ń ná owó tabua lọ́dọọdún láti lọ sí àpéjọ àwọn amòfin àgbáyé, tí wọ́n sì ń padà wálé pẹ̀lú báàgì tí wọ́n pín fún wọn níbẹ̀, fọ́tò tí àwọn àti àwọn ará Èkó ẹlẹgbẹ́ wọn jọ yà, àti ìdì káàdì tí wọn kò rántí ojú ẹni tó fún wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gidigidi, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ó sì tó ọdún méjì tí mo fi tọ́jú owó ìrìn-àjò náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ tó di ìmọ̀ àti iṣẹ́, pàápàá fún agbẹjọ́rò tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò sì ju ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: kò sí agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí yóò fi oníbàárà rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò rí lẹ́nu iṣẹ́ rí. Nítorí náà, kí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ rí bí ẹ ṣe ń ronú àti bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹ bá lọ, kì í ṣe kí ogunlọ́gọ̀ mọ orúkọ yín.

Àpéjọ wo ló yẹ kí ẹ lọ?

Èyí tó gbajúmọ̀ jù láàárín wa ni ti International Bar Association, tí gbogbo wa ń pè ní IBA. Ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Lọ́ńdọ́nù ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà, àpéjọ ọdọọdún rẹ̀ sì máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn: ó wáyé ní Paris ní 2023, ní Mexico City ní 2024, àti ní Toronto ní 2025. Sternford Moyo, agbẹjọ́rò ọmọ Zimbabwe tó jẹ́ ààrẹ rẹ̀ ní 2021 àti 2022, ni adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà, àwa ọmọ Nàìjíríà sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò àgbáyé mìíràn tí a mọ̀ sí UIA (Union Internationale des Avocats), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Paris, dára fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Kútọnu tàbí Lomé, nítorí pé èdè Faransé gbilẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, tí a mọ̀ sí PALU, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Arusha ní orílẹ̀-èdè Tanzania, kò gbówó lórí tó méjèèjì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ sún mọ́ ohun tí ojú wa ń rí ní ilé-ẹjọ́ lójoojúmọ́.

Ẹni tí kò bá tíì lọ sí èyíkéyìí nínú wọn rí, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó kọ́kọ́ fi àpéjọ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, tí a máa ń ṣe nínú oṣù kẹjọ kọ́ ara rẹ̀, kó sì dara pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tó ń rí sí òfin okòwò nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn àgbà tí ẹ bá bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni yóò mú yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá dé òkèèrè.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Owó ìforúkọsílẹ̀ máa ń dín fún ẹni tó bá tètè san án, àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò sì máa ń ní iye tiwọn tó kéré sí ti àwọn àgbà. Ẹ béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ kan nínú IBA tún máa ń ran ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò lọ́wọ́ láti wá, nígbà mìíràn nípa ìdíje àròkọ, ẹ má sì ṣe ṣàì dán an wò. Ọ̀rọ̀ físà kò gba àfojúfò rárá. Ẹni tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ àdéhùn físà Schengen lè gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ dúró di ìgbà tó bá ku ọjọ́ 15 kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì gbọdọ̀ ní ìwé adójútòfò ìlera tí kò dín ní 30,000 owó Yúróòpù. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ tán, ẹ ní kí àwọn olùṣètò fi ìwé ìpè ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Àpéjọ IBA máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, láti ọjọ́ Àìkú tí ayẹyẹ ìṣíde máa ń wáyé títí di ọjọ́ Ẹtì, ìjókòó oríṣiríṣi sì ń lọ lọ́wọ́ ní yàrá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ kò ní rí ìkankan. Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ yàn, èyí tó bá iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ mu: àwọn tó ń rí sí àdéhùn ìkọ́lé ní tiwọn, àwọn onílẹ̀ ní tiwọn, àwọn tó ń rí sí ọkọ̀ ojú omi, owó orí tàbí ìdájọ́ àwọn onílàjà (arbitration) náà ní tiwọn. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe ìpàdé iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó sì lè bọ́ sí àárọ̀ kùtùkùtù tàbí àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ìpàdé yìí ni mo kà sí ẹnu ọ̀nà àpéjọ náà, bẹ́ẹ̀ ẹni díẹ̀ ló sì máa ń wá síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀: ta ni yóò kọ àpilẹ̀kọ, ta ni yóò wá olùbánisọ̀rọ̀, ta ni yóò kó ìròyìn jọ láti Áfíríkà. Bí ọwọ́ bá nà láti ẹ̀yìn yàrá pé òun yóò ṣe é, inú wọn a dùn, wọn a sì kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ̀wé sí alága ìgbìmọ̀ náà ní oṣù méjì ṣáájú. Lẹ́tà tí mo bá ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò kan ní ọ́fíìsì wa tún ṣe nìyí, bí a bá gbé e wá sí Yorùbá: «Agbẹjọ́rò ni mí ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ilẹ̀ àti àdéhùn ìkọ́lé ni mo ń ṣe jù. Mo máa wà ní ìpàdé ìgbìmọ̀ yín lọ́jọ́ Ajé. Mo wò ó pé ẹ kò tíì gbé àpilẹ̀kọ jáde nípa àṣẹ gómìnà tí a gbọ́dọ̀ gbà kí a tó lè ta ilẹ̀ tàbí fi ṣe ìdógò ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè kọ ojú-ewé méjì lé e lórí kí oṣù yìí tó parí.» Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìyìn ara ẹni níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ohun tó lè ṣe fún wọn ló sọ, ó sì dá ìgbà. Èsì dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn tó ń bọ̀, tí wọ́n máa ń gbé sórí áàpù àpéjọ náà, kí ẹ mú ènìyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí iṣẹ́ yín àti tiwọn pàdé, kí ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìpàdé ogún ìṣẹ́jú. Bí mẹ́rin bá dáhùn, ó ti pọ̀ tó.

Ẹ gbé ohun tí ẹ mọ̀ dání

Ohun tí àwọn ará òkèèrè fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wa kì í ṣe òfin ilẹ̀ wọn tí a kà nínú ìwé. Òfin tiwa ni, bó ṣe rí ní ilé-ẹjọ́ gan-an. Ẹ múra ọ̀rọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ nínú òfin Nàìjíríà tí ẹ lè ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì láìṣí ìwé lọ́wọ́. N ó sọ bí ọ̀kan nínú tèmi ṣe wúlò.

A ń mu tíì láàárín ìjókòó méjì ní àpéjọ kan nígbà tí ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ka orúkọ tó wà lára báàjì tí mo fi kọ́ ọrùn, ó sì ní, «Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n.» Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ó ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Kútọnu. Kò pẹ́ tó fi bi mí pé bí àwọn onílàjà bá ti dájọ́ fún ènìyàn ní òkèèrè, tí ẹni tó jẹ gbèsè sì wà ní Èkó, ṣé òótọ́ ni pé ọjọ́ lè ti kọjá lórí ìdájọ́ náà kí inki rẹ̀ tó gbẹ? Mo ní òótọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ ní 1997, nínú ẹjọ́ City Engineering àti Federal Housing Authority, pé ọjọ́ tí aáwọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni a ó ti máa kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn onílàjà dájọ́. Ọdún mẹ́fà ni òfin sì fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ lórí àdéhùn ní Èkó, nítorí náà bí ìgbẹ́jọ́ níwájú àwọn onílàjà bá falẹ̀, ìdájọ́ náà lè kú mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Mo wá sọ fún un pé òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ onílàjà (Arbitration and Mediation Act) tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2023 ti yí i padà: abala 34 rẹ̀ yọ gbogbo àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ìgbẹ́jọ́ onílàjà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìdájọ́ kúrò nínú ìṣírò. Mo bi í pé ọdún wo ni ìdájọ́ tirẹ̀ jáde, nítorí pé èyí tó ti wà kí òfin náà tó dé ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mi ò bi í ní orúkọ oníbàárà rẹ̀, òun náà kò sì sọ ọ́.

Òun náà wá ṣàlàyé OHADA fún mi ju bí ìwé kankan ti ṣe lọ. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Port Louis ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1993 ni, orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀, Benin àti Togo wà níbẹ̀, Nàìjíríà kò sí. Òfin okòwò kan náà ló de gbogbo wọn, ilé-ẹjọ́ wọn kan náà sì wà ní Abidjan tí ìdájọ́ rẹ̀ borí ti àwọn ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lórí òfin náà. Ẹni tó bá ti Bàdágrì kọjá Sẹ̀mẹ́ kò rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sínú ètò òfin mìíràn pátápátá, àwa tí a ń sọ èdè kan náà níhà méjèèjì ẹnubodè ló sì yẹ kó mọ èyí jù lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ojú-ewé kan ṣoṣo lórí abala 34 náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí i kí n tó sùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí agbẹjọ́rò kan láti Lomé tí a kò rí ara wa rí tó kọ̀wé sí mi pé òun ní iṣẹ́ kan ní Èkó. Ojú-ewé tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ náà ló fi mọ́ lẹ́tà rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀

Ẹ má jókòó ti ara yín. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: òtútù ń mú, èdè ṣàjèjì, ojú àwọn ènìyàn wa sì ń mú ara rọni. Ẹ jẹun alẹ́ pọ̀ bó bá wù yín, àmọ́ ní ọ̀sán, kí olúkúlùkù lọ sí tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú tí ẹ ń rí ní Ìdúmọ̀tà lójoojúmọ́ kọ́ ni ẹ sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò.

Ní ti àwọn àgbà wa, àwọn SAN (àgbà agbẹjọ́rò tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá ní Nàìjíríà) àti àwọn tó ti lọ síbẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá rí, ẹ lọ kí wọn bó ti yẹ, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi yín han ènìyàn kan pàtó tí ẹ dárúkọ rẹ̀. «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú kan alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé yẹn.» Àgbà tó bá gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ báyìí kì í sábà kọ̀, nítorí pé ohun tó rọrùn fún un ni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì tó láti gé ọdún mẹ́ta kúrò nínú ọ̀nà yín. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún ara wa yìí jẹ́ ohun ìní, ẹ lò ó.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ yí padà nígbà tí máìkì bá dé ọwọ́ wa. Nílé, a ó kọ́kọ́ kí alága, a ó kí àwọn adájọ́, a ó kí àwọn àgbà agbẹjọ́rò kí a tó sọ tẹnu wa, ẹ̀kọ́ ilé sì ni. Ìgbà kan wà tí mo ń kí wọn báyìí lọ́wọ́ nínú yàrá tó kún fọ́fọ́ tí ẹni tó ń darí ìjókòó fi rọra sọ pé, «Ìbéèrè yín ńkọ́?» Ọ̀rọ̀ fò mí lórí, mo sì jókòó láì béèrè ohun tó gbé mi dìde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ìbéèrè mi sórí ìwé kí n tó nawọ́: orúkọ mi, ìlú mi, gbólóhùn kan lórí ohun tí ojú wa rí ní Nàìjíríà, gbólóhùn kan fún ìbéèrè. Ẹni tó bá béèrè ìbéèrè tó mú ọpọlọ dání kò ní wá ènìyàn kiri lẹ́yìn ìjókòó náà. Àwọn ènìyàn ni yóò máa wá a.

Ẹ pe orúkọ yín ní kíkún, kí ẹ sì pè é díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n pè. Èmi kò fara mọ́ gígé orúkọ sí méjì kó lè rọ àjèjì lọ́rùn. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan kọ́ bí a ṣe ń pe Olúwafẹ́mi kò ní gbàgbé rẹ̀, bí ẹ bá sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nínú ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ sílẹ̀: kí ló yí padà nínú òfin, fáìlì wo ní ọ́fíìsì yín ni ó kàn, ta ló sọ ọ́. Bí ìdáhùn kò bá sí fún ìkejì, ẹ dìde jẹ́jẹ́ kí ẹ lọ sí yàrá mìíràn.

Ohun tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu

Ògiri létí, pàápàá ògiri hòtẹ́ẹ̀lì tí agbẹjọ́rò kún inú rẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́yìn yín nínú ẹ̀rọ agbéniròkè lè jẹ́ agbẹjọ́rò ẹni tí ẹ jọ ń fà á ní ilé-ẹjọ́. Àṣírí oníbàárà kò ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹ yọ orúkọ, iye owó àti ìlú kúrò, bí ẹlẹgbẹ́ yín bá sì lè mọ ẹni náà síbẹ̀, ẹ fi àpẹẹrẹ náà sílẹ̀ pátápátá. Ìlànà ìwà iṣẹ́ wa tún lòdì sí kí a máa lé oníbàárà kiri tàbí kí a fi ara wa ga ju àwọn agbẹjọ́rò yòókù lọ, ìlànà náà kò sì dúró sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà nígbà tí ẹ bá ń lọ. Bí ẹnì kan bá béèrè lọ́wọ́ yín nípa òfin ilẹ̀ tí ẹ kò ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ darí rẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó ń gbin ìgbẹ́kẹ̀lé sí ọkàn ẹlẹgbẹ́ ẹni tó kí a sọ fún un pé, «Èyí kò sí lábẹ́ tèmi, àmọ́ mo mọ ẹni tí ẹ lè bá.»

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé

Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní àpéjọ náà, ẹ kọ ohun kan sí ẹ̀yìn káàdì tí ẹ gbà: ibi tí ẹ ti pàdé, ohun tí ẹ jọ sọ, ohun tí ẹ ṣèlérí. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé tí ẹ délé, ẹ mú gbogbo ìlérí náà ṣẹ, yálà ìwé òfin lẹ ní ẹ máa fi ránṣẹ́ ni tàbí orúkọ ẹnì kan. Lẹ́tà tó kàn sọ pé inú yín dùn láti mọ̀ wọ́n kò wúlò. Ẹ fi ohun kan tí wọ́n lè lò kún un. Bí ẹ bá mọ ènìyàn méjì tó yẹ kó mọ ara wọn, ẹ so wọ́n pọ̀, bí kò tilẹ̀ sí èrè kankan fún yín níbẹ̀.

Ẹ pe àwọn ọmọ ọ́fíìsì jọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ẹ kọ́ wọn ní ohun mẹ́ta tí ẹ kọ́ níbẹ̀, kí ẹ ṣí fáìlì tí ó kàn, kí ẹ sì tún ìwé àdéhùn tí ẹ máa ń lò kọ níbi tó bá yẹ. Bí owó tí ọ́fíìsì ná ṣe ń padà sínú ọ́fíìsì nìyẹn, bí oníbàárà tuntun kankan kò tilẹ̀ tíì dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró ti ìgbìmọ̀ tí ẹ yàn. Ọdún àkọ́kọ́, wọn yóò mọ ojú yín. Ọdún kejì, wọn yóò ka àpilẹ̀kọ yín. Ní ọdún kẹta, wọ́n lè ní kí ẹ wá jókòó síwájú. Ẹni tí owó kò bá jẹ́ kó lọ ní ọdún kejì lè ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà láti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú ìpàdé tó wà láàárín ọdún ti ń wáyé. Kò sì ní pẹ́ lẹ́yìn àpéjọ kan tí ètò òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àbá yín fún ọdún tó ń bọ̀ ti dé ọwọ́ alága kí ọdún tó yí.